Láptọ́ọ̀pù fún Ẹni Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Jẹ́ Kíkọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ará Ilé-Ifẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ nóòtì láti aago 8 òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ tí ń múra iṣẹ́ sílẹ̀, akọ̀wé ìjọ, akọ̀ròyìn, ìyá tó ń fi Excel ṣe ìṣirò ọjà rẹ̀ ní Sábó: àwọn la ní lọ́kàn. Ẹni tí ń ṣe fídíò tàbí tí ń ta géèmù, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Fún ẹni tí ń kọ̀wé, ohun mẹ́rin ló yẹ kí owó bá lọ: kíbọ́ọ̀dù, RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), bátìrì àti ojú láptọ́ọ̀pù. Púpọ̀ nínú ìyókù, sìtíkà ni.

Ṣé tuntun ni kí n rà ni, àbí tokunbọ̀?

Bí owó bá wà, tuntun tó ní wáráńtì kò ní àléébù. Tuntun olówó pọ́ọ́kú ni ká sọ́ra fún. Ike rẹ̀ máa ń tẹ̀ wọnú bí ẹ bá fi ìka kan àárín kíbọ́ọ̀dù, RAM rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 4GB tí wọ́n ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sì ṣeé fi kún. Kí ọdún kan tó pé, ó ti ń rìn bí ìgbín.

Irú owó yẹn lè ra tokunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lókè òkun máa ń lo irú rẹ̀ fún ọdún díẹ̀, wọ́n á wá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí wọ́n kó sílẹ̀ yẹn ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ mọ orúkọ mẹ́ta yìí sórí: Lenovo ThinkPad T480, HP EliteBook 840 G5, Dell Latitude 7490. Ẹgbẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú wọn jẹ́ íńṣì 14, ọdún 2018 ni wọ́n dé ọjà, ojú ihò RAM méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kíbọ́ọ̀dù àti bátìrì wọn sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara láptọ́ọ̀pù. Àǹfààní ńlá nìyẹn: láptọ́ọ̀pù tí ẹlẹ́rọ àdúgbò mọ bí wọ́n ṣe ń tú sàn ju èyí tó rẹwà tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí.

Ẹni tí ń tà á ní i7 ni. Ṣé kò wá ju i5 lọ ni?

Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. i5 àti i7 jẹ́ orúkọ ọpọlọ ẹ̀rọ tí Intel ṣe. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé dáàṣì ni kí ẹ kà. Nínú i5-8350U, 8 yẹn ló sọ ìran rẹ̀, ìran kẹjọ. Nínú i7-7600U, ìran keje ni. Kọ́ọ̀ (apá tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ẹ̀rọ) méjì péré ló wà nínú i7 yẹn, mẹ́rin ló wà nínú i5 yẹn. Bí wọ́n bá jọ ń ṣiṣẹ́, i5 ni yóò fi i7 sílẹ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ i7 ni wọ́n ń kígbe owó rẹ̀ lé.

Bí nọ́ńbà náà bá fi 1 bẹ̀rẹ̀, ẹ ka méjì àkọ́kọ́ pọ̀: 10310U jẹ́ ìran kẹwàá, 1135G7 jẹ́ ìran kọkànlá. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn náà ní ìtumọ̀. U kì í jẹ iná púpọ̀. H máa ń gbóná, ó sì máa ń fa bátìrì gbẹ, kò wúlò fún nóòtì. Ti AMD, tó ń bá Intel díje, Ryzen 5 láti 3500U lọ sókè dára. Celeron oníkọ́ọ̀ méjì, irú N4020, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ṣí ju fèrèsé kan lọ.

RAM mélòó ló tó?

8GB ni ìbẹ̀rẹ̀. 16GB ni ìfọ̀kànbalẹ̀. Windows nìkan ti jẹ bíi 3GB kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Ẹ wá ṣí Chrome pẹ̀lú ojú ewé 15, Word, PDF olójú ewé 400 àti WhatsApp, 8GB ti kún nìyẹn. Bí ó bá kún, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí yá àyè lórí dísìkì, ibẹ̀ ni lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ ti ń pẹ́ kó tó jáde.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, ẹ lọ sí Performance, lẹ́yìn náà Memory. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Slots used sí. Bí ó bá jẹ́ 1 of 2, ihò kan ṣófo, ẹ lè ra 8GB kún un lọ́jọ́ iwájú. DDR4 kì í wọ inú ihò DDR3, nítorí náà ẹ kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ rà á. Àwọn tí wọ́n jó RAM wọn mọ́ bọ́ọ̀dù, irú ThinkPad X1 Carbon àti MacBook Air M1, iye tí ẹ bá rà á ni yóò wà títí láé.

SSD ńkọ́?

Dandan ni; dísìkì tí kò ní ohun tí ń yí nínú ni. Dísìkì àtijọ́ tí ń yí, HDD, lè lo ìṣẹ́jú méjì kó tó gbé Windows jáde; SSD kì í sábà ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Nóòtì kì í wúwo, nítorí náà 256GB tó. Bóyá irú SATA ni tàbí irú NVMe, ẹni tí ń kọ̀wé kò ní mọ ìyàtọ̀. Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà ni eMMC, ibi ìpamọ́ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, oní-64GB: bí Windows bá ti wọ inú rẹ̀ tán, àyè tí ìmúdójúìwọ̀n ńlá máa ń fẹ́ kò ní sí mọ́, ẹ ó sì máa pa fáìlì rẹ́ lójoojúmọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ kíbọ́ọ̀dù tó dára?

Òun ni ẹ ó fọwọ́ kàn jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dán wò. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ẹ ṣí Notepad, kí ẹ kọ ìpínrọ̀ kan tó gùn, kì í ṣe orúkọ yín nìkan. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo nọ́ńbà, Shift méjèèjì, Backspace, àwọn ọfà. Bọ́tìnnì tó dára máa ń wọlé tó mìlímítà 1.5, ìka yín á sì mọ̀ pé ó ti wọlé. Bí lẹ́tà kan bá ń jáde lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí ó gba kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tipátipá, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti dà sí i rí. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Tíì oníṣúgà kì í tètè lọ.

Ẹ tún wo ètò bọ́tìnnì. Ti ìlú ọba, Enter rẹ̀ ga tó ìlà méjì, £ sì wà lórí 3. Ti Amẹ́ríkà, Enter rẹ̀ nà sí ẹ̀gbẹ́, @ sì wà lórí 2. Bí ẹ bá tẹ @ tí àmì mìíràn jáde, kíbọ́ọ̀dù kò bàjẹ́: ètò Windows ni kò bá a mu, ẹ ó tún un ṣe ní Settings, Time & language, Language & region. Èyí tó ti Jámánì wá ti gbé Z sí àyè Y. Ti Faransé ti gbé A sí àyè Q. Àwọn tí ń tà á máa ń lẹ sìtíkà lé e, sìtíkà á sì ṣí lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Yorùbá kì í lo z rárá, ṣùgbọ́n y wà ní gbogbo ìlà, nítorí náà bí ojú yín bá ṣì ń wo kíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ má ra ti Jámánì.

Báwo ni mo ṣe lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà?

Ìbéèrè tó pọ̀ jù lọ nìyí, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ́ Yorùbá ní OAU. Ẹni tó kọ *oko* sílẹ̀ láìsí àmì, kí ló ní lọ́kàn? Ọkọ ìyàwó ni, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ èrò, àbí ọ̀kọ̀ ọdẹ? Kò sí láptọ́ọ̀pù kan tí wọ́n ṣe fún èyí ní pàtó, ètò inú ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀.

Lórí Windows, ẹ lọ sí Settings, Time & language, Language & region, Add a language, ẹ wá Yorùbá. Lẹ́yìn náà, Windows+Space ni ẹ ó máa fi yí láti kíbọ́ọ̀dù kan sí òmíràn. Bí ti inú Windows kò bá bá yín lára mu, ẹ gbé Keyman sórí ẹ̀rọ. Ọ̀fẹ́ ni, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Lórí Mac, ẹ yan ABC – Extended: Option+X, lẹ́yìn náà e, yóò fún yín ní ẹ. Linux náà ní ti Yorùbá lábẹ́ Nigeria.

Ẹni tó jẹ́ pé Word nìkan ló ń lò lè má gbé nǹkankan sórí ẹ̀rọ. Fún fáwẹ̀lì tí kò ní àmì nísàlẹ̀, Ctrl+' lẹ́yìn náà a, ó di á. Ctrl+` lẹ́yìn náà a, ó di à. Fún ẹ, ẹ kọ 1eb9 kí ẹ tẹ Alt+X. Ọ jẹ́ 1ecd, ṣ jẹ́ 1e63. Láti fi àmì òkè sórí ẹ, ẹ kọ 0301 sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tẹ Alt+X; 0300 ni ti àmì ohùn ìsàlẹ̀.

Ibi tí ó ti máa ń dà rú rèé. Ẹ fẹ́ kọ *gbẹ*. Ẹ kọ gb, ẹ kọ 1eb9 tẹ̀lé e, ẹ tẹ Alt+X, nǹkan tí ẹ kò mọ̀ rí ló jáde, tàbí àpótí òfìfo. Word ka b yẹn mọ́ nọ́ńbà náà, nítorí pé a, b, c, d, e, f wà lára nọ́ńbà irú yìí. B1eb9 ló rí. Ẹ fi Shift àti ọfà yan 1eb9 nìkan kí ẹ tó tẹ Alt+X. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí *dẹ* àti *bọ́*.

Bí ẹ ó bá máa ṣe é lójoojúmọ́, ẹ fún àmì méjèèjì ní bọ́tìnnì tiwọn: Insert, Symbol, More Symbols, ẹ kọ 0301 sínú Character code, ẹ tẹ Shortcut Key, ẹ yan bọ́tìnnì tó wù yín, kí ẹ tẹ Assign. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 0300. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, yóò sì gbà yín lọ́wọ́ wàhálà ọdún mẹ́rin.

Mo wá ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú Ctrl+F, ó ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ojú mi ń wò ó.

Ọ̀nà méjì ni ẹ́ lè gbà wọ inú fáìlì: ẹ tí wọ́n fi àmì òkè lé, tàbí é tí wọ́n fi àmì sí nísàlẹ̀ rẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fi kọ gbogbo nóòtì yín. Èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ mọ́ tiyín.

Bí àmì bá ń yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà, tó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́, fọ́ńtì ni. Charis SIL, Gentium àti Noto Sans máa ń gbé e sí àyè rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn fáìlì àtijọ́ tí wọ́n fi fọ́ńtì àkànṣe kọ ṣáájú Unicode (ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀) yóò máa fi àmì dọ́là àti ìlà hàn yín níbi tó yẹ kí ẹ àti ọ wà. Ẹ kò lè fi fọ́ńtì tuntun wò ó sàn. Find and Replace ni, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì.

Ojú láptọ́ọ̀pù: ṣé bó bá ti tóbi ló dára?

Ìwọ̀n kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, iye píksẹ́lì, àmì tín-ín-rín tó para pọ̀ di àwòrán, tó wà nínú rẹ̀ ni. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ ojú iwájú Windows, ẹ yan Display settings, kí ẹ wo Display resolution. 1920 × 1080 ni ẹ fẹ́. Lórí 1366 × 768, bí ẹ bá gbé PDF sí apá kan tí Word wà ní apá kejì, ẹ ó máa kàwé bí ẹni tó ń yọjú lójú kọ́kọ́rọ́. Ẹ má gbára lé orúkọ láptọ́ọ̀pù: T480 wà tó ní 1366 × 768, òmíràn ní 1920 × 1080.

Ẹ tẹ ojú rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ dìde dúró, kí ẹ wò ó láti òkè. Bí àwọ̀ bá yí padà tàbí tó fẹ́ di dúdú, irú TN ni, yóò máa rẹ ojú yín. IPS ni ẹ máa bèèrè fún. Ẹni tó bá fẹ́ máa jókòó sábẹ́ igi kàwé lọ́sàn-án gbangba, nits (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀) 250 kò lè tó o. 300 lọ sókè ni kó wá.

Ní ti ìwọ̀n, íńṣì 14 ló bá orúnkún mu nínú kọ̀rọ̀pẹ́, ó sì bá pákó kékeré ara àga kíláàsì mu. Íńṣì 15.6 dára fún ẹni tí tábìlì rẹ̀ kì í kúrò lójú kan, pàápàá oníṣirò tó fẹ́ àpótí nọ́ńbà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ ó fi bíi ìdajì kílò gbé e ju èkejì lọ, lójoojúmọ́.

Wákàtí mélòó ni bátìrì yóò lò?

Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, ẹ ṣírò rẹ̀. Bátìrì ní ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ ní Wh. Láptọ́ọ̀pù tó ní U nínú orúkọ ẹ̀rọ rẹ̀, tí ẹ fi ń kọ̀wé, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní ìdajì, máa ń jẹ bíi 8W. 50Wh pín sí 8W, wákàtí 6 nìyẹn. Tó bá ti gbó dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, 35Wh ló kù: wákàtí 4 ó lé díẹ̀.

Láti mọ bó ṣe gbó tó, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ ṣí i, ẹ kọ powercfg /batteryreport kí ẹ tẹ Enter. Yóò sọ ibi tí ó gbé fáìlì náà sí. Ẹ ṣí i. Ẹ pín FULL CHARGE CAPACITY sí DESIGN CAPACITY. Bí ìkejì bá jẹ́ 50,000 mWh, tí àkọ́kọ́ jẹ́ 38,000, ìdá 76 ló kù, ó ṣì dára. Bí ó bá wà lábẹ́ 60, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Àmọ́ bátìrì ayédèrú lè purọ́ nínú ìwé yẹn. Ó lè ní òun pé 100, kó sì kú láàárín ìṣẹ́jú 40. Ẹ yọ ṣájà, ẹ lò ó fún 20 ìṣẹ́jú lójú ẹni tí ń tà á. Bí ó bá já ju 10 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, kò ní lo ju wákàtí mẹ́ta àti 20 ìṣẹ́jú lọ.

Iná máa ń lọ, ó sì máa ń ga lójijì. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà. INPUT 100–240V túmọ̀ sí pé iná tó rẹlẹ̀ kò ní pa á lára. Iná tó ga ju 240V lọ ló lè bà á jẹ́, ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá ti lọ, ẹ yọ ṣájà kúrò lára ògiri. Bó bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kì í padà. Láptọ́ọ̀pù kò nílò UPS, bátìrì rẹ̀ ni UPS rẹ̀.

Ṣájà tó ti Amẹ́ríkà wá kò nílò àyípadà kankan ju okùn lọ. Okùn oníhò mẹ́ta tí ń wọ ara ṣájà ṣeé yọ, owó kékeré ni ẹ ó fi ra èyí tí ẹnu rẹ̀ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu. Ẹ má fi ádápítọ̀ olóríṣìíríṣìí kọ́ ọ, ibẹ̀ ni iná ti ń ta pàràpàrà.

Ṣájà Dell ẹlẹ́nu róbótó ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan ní àárín ẹnu rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń sọ fún láptọ́ọ̀pù irú ṣájà tó jẹ́. Bí ó bá tẹ̀, tàbí tí ṣájà jẹ́ ayédèrú, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n bátìrì kò ní gba iná, ẹ ó sì rò pé bátìrì ló kú. Ẹ wo ẹnu ṣájà kí ẹ tó ra bátìrì.

Páwá báńkì ńkọ́? Èyí tí a ń lò fún fóònù kò lè gbé e. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ oní-USB-C tí wọ́n kọ PD 45W tàbí 65W sí lára, láptọ́ọ̀pù náà sì gbọ́dọ̀ gba iná láti ojú USB-C. 20,000mAh jẹ́ bíi 74Wh, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ṣòfò sí ooru. Ó máa kún bátìrì 50Wh lẹ́ẹ̀kan, kò ní kún un lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ni kí n yẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó sanwó?

Ẹ lo ìdajì wákàtí. Ẹni tí ń tà á tí kò bá fẹ́ kí ẹ lo ìdajì wákàtí, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ yí i dé. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀, Service Tag tí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 7 ni Dell ń pè é, kí ẹ fi fóònù yín tẹ̀ ẹ́ sí ojúlé ìrànlọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Yóò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó kúrò nílé-iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ pa á, ẹ tan án, ẹ sì máa tẹ F2 fún Dell, F10 fún HP, F1 fún ThinkPad. Ẹ ka irú ẹ̀rọ àti iye RAM níbẹ̀, nítorí a lè yí ohun tí Windows ń fi hàn ní About padà, kí i5 máa jẹ́ orúkọ i7. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tí ń tà á kò mọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ti ThinkPad kì í lọ láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù.

Ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín, ẹ lọ sí Settings, Accounts, Access work or school. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n ti tún Windows gbé sórí rẹ̀, kí ẹ parí ètò àkọ́kọ́ fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá kí yín káàbọ̀ sí ilé-iṣẹ́ kan tí ẹ kò mọ̀, ilé-iṣẹ́ náà ṣì ní agbára lórí rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá tún un gbé ni yóò tì mọ́ yín lójú.

Ẹ fi fúláàṣì dán gbogbo ojú USB wò. Lórí T480, ẹ rí i dájú pé ojú USB-C méjèèjì ń gba iná: sọ́fítíwíà Thunderbolt àkọ́kọ́ tó wà nínú rẹ̀ lè ba ojú náà jẹ́ bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò bá fi tuntun sí i. Ẹ di igun kan ojú láptọ́ọ̀pù mú, kí ẹ ṣí i: kò gbọ́dọ̀ ké, ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ là. Ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ wo fídíò YouTube fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ gbọ́ bí fáànù ṣe ń dún. CrystalDiskInfo wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi í sínú fúláàṣì tí ẹ mú lọ. Bí ó bá kọ Caution tàbí Bad nípa dísìkì, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣé Windows 10 ṣì ṣeé lò?

14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró. Windows 11 fẹ́ TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ), 4GB RAM, 64GB dísìkì, àti ní ti Intel, ìran kẹjọ lọ sókè, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Ìdí tí a kò fi ní kí ẹ ra ìran keje nìyẹn. Ẹni tó ti ní èyí tó dàgbà lọ́wọ́, kó má tíì jù ú nù: Linux Mint pẹ̀lú LibreOffice á gbé e fún ọdún mélòó kan sí i.

MacBook tàbí Chromebook ńkọ́?

MacBook Air M1, tó jáde ní oṣù kọkànlá 2020, kò ní fáànù, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́ gan-an. Ẹ ra oní-16GB bí ẹ bá rí i. Ẹ rí i pé Activation Lock, ìtìpa Apple, kò sí lórí rẹ̀, kí ẹni tí ń tà á yọ Apple ID rẹ̀ lójú yín. Ẹ yẹra fún MacBook Pro 2016 sí 2019 tó ní kíbọ́ọ̀dù labalábá: eruku díẹ̀ ń mú kí bọ́tìnnì há, àwa sì ń gbé níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́.

Chromebook dára fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì kì í wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ wo Settings, About ChromeOS. Ọjọ́ tí ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ yóò dópin wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ máa fi ọwọ́ kọ̀wé sí ojú rẹ̀ bíi ìwé.

Fún ìṣirò, kẹ́mísìrì àti àwòrán ara ènìyàn, ó wúlò púpọ̀. Fún ìtàn àti òfin, kíbọ́ọ̀dù yára jù. Kì í ṣe gbogbo ojú tí ẹ lè fọwọ́ tẹ̀ ló ń gba kálámù. Kálámù olórí rọ́bà jẹ́ ìka kejì lásán, bí ẹ bá gbé ọwọ́ lé ojú rẹ̀, yóò kọ ìlàkílà. Ẹ béèrè irú kálámù tí láptọ́ọ̀pù náà ń gbà, MPP tàbí Wacom AES, kí ẹ sì ra èyí tó bá a mu, ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ fún èkejì àfi bí wọ́n bá kọ méjèèjì sí i. Xournal++ jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ lè fi kọ nǹkan sórí PDF.

Áàpù nóòtì wo ló dára, tí kò ní jẹ dátà mi tán?

OneNote, Joplin àti Obsidian máa ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Notion gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì jù wọ́n lọ, ó sì lè já yín kulẹ̀ láàárín kíláàsì bí ẹ kò bá ti gba ojú ewé náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe áàpù nóòtì ló ń jẹ dátà, Windows ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá so ó mọ́ fóònù yín, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ fóònù náà, kí ẹ tan Metered connection. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè fa ìmúdójúìwọ̀n onígíìgì mélòó kan kí ẹ tó jẹun tán.

Eruku àti ooru?

Ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ọyẹ́, kí ẹlẹ́rọ tú u, kó gbọn eruku fáànù, kó sì pààrọ̀ òróró tí ń fa ooru kúrò lára ọpọlọ ẹ̀rọ (thermal paste) bí ó bá ti gbẹ. Bí pátákó tí ẹ fi ń darí ọfà bá ń ga sókè tàbí tó ṣòro láti tẹ̀, bátìrì ló ń wú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ má ṣájì í mọ́, ẹ má gún un, kí ẹlẹ́rọ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Bí wọ́n bá jí i ńkọ́?

Nóòtì tó wà níbi kan ṣoṣo, kò tíì sí. Google Drive ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, nóòtì ọdún mẹ́rin kì í sábà kún un bí kò bá sí fídíò níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kejì sínú fúláàṣì tàbí dísìkì tí kì í bá láptọ́ọ̀pù gbé inú báàgì kan náà. Ẹ tan Find my device nínú Settings, Privacy & security, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú rìsíìtì tí ẹni tó tà á fún yín; òun ni àwọn ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ béèrè.